Dillo: aṣàwákiri wẹ́ẹ̀bù tó fúyẹ́ lórí Linux

Dillo jẹ́ aṣàwákiri wẹ́ẹ̀bù kékeré tí wọ́n ṣe fún Linux àtàwọn ètò kọ̀ǹpútà mìíràn tó bá Unix tan. Oṣù Kejìlá ọdún 1999 ló kọ́kọ́ jáde. Ara gzilla, aṣàwákiri kan tó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ Raph Levien, ni wọ́n ti fà á yọ, Jorge Arellano Cid, ọmọ ilẹ̀ Chile, ló sì darí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀fẹ́ ni, abẹ́ GPL, ìwé àṣẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè lò ó, kó sì tún un ṣe, ló sì wà.

Dillo kò gbọ́ JavaScript, èdè ètò tó ń mú ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù ṣiṣẹ́, rárá. Ohun tó mú un fúyẹ́ nìyẹn, tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ fi ń gbé e láìmí gúlegúle. Damn Small Linux, oríṣi Linux kékeré kan tí gbogbo ẹrù rẹ̀ kò ju megabyte 50 lọ nígbà náà, ráyè fún un. Ohun kan náà ni kò jẹ́ kí YouTube tàbí Facebook ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ìwé kíkà ló wúlò fún jù: ìròyìn, ìwé ìtọ́nisọ́nà, àpilẹ̀kọ gígùn. Nítorí náà, bí lẹ́tà bá ṣe rí lójú ṣe pàtàkì nínú rẹ̀ ju bó ti ṣe pàtàkì nínú aṣàwákiri ńlá lọ.

Lẹ́tà Dillo kò sì dán níbẹ̀rẹ̀. GTK+ 1.2, àkójọ irinṣẹ́ tó ń ya fèrèsé àti bọ́tìnì, ló ń bá a ya ojú rẹ̀, èyí tí kò mọ bí a ṣe ń fi àwọ̀ eérú dí etí lẹ́tà. Dúdú tàbí funfun ni píkísẹ́lì (àmì tóótòòtó ojú kọ̀ǹpútà) kọ̀ọ̀kan, ìlà tó bá dagun a sì rí gángangàn-gan bí àtẹ̀gùn. Ẹ̀yà 2.0, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2008, kúrò lórí GTK+ bọ́ sórí FLTK 2, irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ mìíràn, lẹ́tà tó jọ̀lọ̀ sì dé, òun àti táàbù. Ẹ̀yà 3.0 ti ọdún 2011 wá gba FLTK 1.3. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan lè rò pé ẹ̀yìn ni wọ́n ń padà sí, ṣùgbọ́n FLTK 2 kò fìgbà kan jáde ní ẹ̀yà tó pé. Lẹ́yìn ẹ̀yà 3.0.5 ti ọdún 2015, iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ní ọdún 2022, àdírẹ́sì dillo.org bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni lọ wá Dillo níbẹ̀ mọ́. Rodrigo Arias Mallo ló gbé iṣẹ́ náà dìde padà, tó sì gbé ẹ̀yà 3.1.0 jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024.

Fífi í sórí kọ̀ǹpútà kò le. Lórí Debian, Ubuntu àti Mint:

sudo apt install dillo

Lórí Fedora, sudo dnf install dillo. Lórí Arch, sudo pacman -S dillo. Kéèyàn tẹ dillo --version lẹ́yìn náà, torí 3.0.5 ni Debian 12 ṣì ń fúnni, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà 3.1.0 ló tó fi HTTPS, ìsopọ̀ tó ní ààbò, sínú aṣàwákiri náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó tuntun lè fi kóòdù orísun rẹ̀ kọ́ ọ fúnra rẹ̀: kó kọ́kọ́ fi g++, make, libfltk1.3-dev, libssl-dev, zlib1g-dev, libpng-dev àti libjpeg-dev sí i, lẹ́yìn náà ./configure, make, sudo make install.

Dillo fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń mú lẹ́tà dán. Fontconfig ló ń yan fọ́ńtì (irú ojú lẹ́tà), FreeType ló ń ya lẹ́tà, Xft ló sì ń gbé e sójú kọ̀ǹpútà. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá gún, kò sí ohun tí Dillo lè ṣe sí i. Inú fáìlì ~/.Xresources ni a ti ń bá Xft sọ̀rọ̀:

Xft.antialias: 1
Xft.hinting: 1
Xft.hintstyle: hintslight
Xft.rgba: rgb

Àṣẹ xrdb -merge ~/.Xresources ló ń jẹ́ kó mú un lò, kí a sì ti Dillo pa, kí a tún un ṣí. Hinting ni títún ìlà lẹ́tà ṣe kó lè bá píkísẹ́lì mu. Hintslight ń ṣe é láti òkè sí ìsàlẹ̀ nìkan, kò fọwọ́ kan ìbú rẹ̀. Hintfull máa ń fa gbogbo ìlà bá píkísẹ́lì mu, lẹ́tà a mú ṣáṣá, ṣùgbọ́n àlàfo àárín wọn lè má dọ́gba mọ́. Ìlà rgb, tó ń lo àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù inú píkísẹ́lì kọ̀ọ̀kan, dára fún ojú LCD tí píkísẹ́lì rẹ̀ kò pọ̀, irú 1366 × 768 ti lápútọ́ọ̀pù àtijọ́. Tí lẹ́tà kan bá ṣì rí gángangàn-gan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fọ́ńtì bitmap, èyí tí wọ́n ti fi píkísẹ́lì yà tẹ́lẹ̀, ni Fontconfig mú. Lórí Debian, sudo dpkg-reconfigure fontconfig-config a máa béèrè bóyá kí irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí yóò máa lò. Kí èèyàn dáhùn pé rárá.

Fọ́ńtì tí Dillo fúnra rẹ̀ ń pè wà nínú ~/.dillo/dillorc: font_serif, font_sans_serif, font_monospace, àti font_factor tó ń sọ lẹ́tà di ńlá. DejaVu ló máa ń wà níbẹ̀. Àṣẹ fc-match "DejaVu Sans" yóò fi hàn bóyá ó wà lórí ẹ̀rọ lóòótọ́.

Èdè Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀ níbí. Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà àgbáyé ní nọ́ńbà, fún ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn (U+1EB9, U+1ECD, U+1E63), ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tàbí ọ̀. Àmì ohùn ń tẹ̀ lé lẹ́tà gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀tọ̀. Firefox ń lo HarfBuzz, ètò tó ń to lẹ́tà àti àmì, láti gbé àmì náà sí àárín orí lẹ́tà. Xft kò ní irú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń tò wọ́n, àmì sì lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tàbí kó gun orí lẹ́tà. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, font_sans_serif ni kí a kọ́kọ́ yí padà, torí ibi tí fọ́ńtì kọ̀ọ̀kan gbé àmì sí kì í bára mu.