Bí egungun ẹ̀yìn àti ìbàdí ṣe ń yí nígbà tí a bá ń gbá gọ́ọ̀fù

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ gọ́ọ̀fù, ìbáà jẹ́ ní pápá Ikoyi Club tàbí ní èyí tó wà ní GRA Ìkẹjà, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi sọ fún un pé kí ó yí ìbàdí. Ìmọ̀ràn náà tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gbé e gba ibi tí kò yẹ: ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, níbi tí bẹ́líìtì ti ń ká ara, ni wọ́n ń lọ́, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni a kò dá fún lílọ́.

Egungun 5 ló wà ní ẹ̀yìn ìsàlẹ̀. Wọ́n lè tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn dáadáa, ṣùgbọ́n àwọn oríkèé kéékèèké tó so wọ́n pọ̀ há mọ́ra débi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan kò lè yí ju nǹkan bíi dígírì 2 lọ, tí gbogbo wọn lápapọ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ kọjá dígírì 10 sí 15. Egungun 12 tó wà lẹ́yìn àyà, tí àwọn egungun ìhà so mọ́, lè yí tó nǹkan bíi dígírì 35. Oríkèé itan ló lómìnira jù, nítorí pé orí egungun itan rí roboto, ó sì jókòó sínú ihò ìbàdí bí ọmọ odó ṣe ń jókòó sínú odó.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá a. Láti oríkèé itan ni ó ti ń tẹ̀ síwájú kí ó tó gbé ọ̀pá rárá, kì í ṣe láti ẹ̀yìn. Bí ó bá gbé ọ̀pá sẹ́yìn, ìbàdí rẹ̀ yóò yí sí ọ̀tún lórí itan ọ̀tún, tó nǹkan bíi dígírì 45 lára àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá, èjìká yóò sì yí tó bíi 90. Ẹ̀yìn àyà ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì. Nígbà tí ọ̀pá bá ń padà bọ̀, ọwọ́ kọ́ ló ń kọ́kọ́ gbéra. Ìbàdí ni, nígbà mìíràn kí èjìká tó parí yíyí sẹ́yìn pàápàá; àyà á tẹ̀ lé e, apá á tẹ̀ lé àyà, ọ̀pá á sì kẹ́yìn, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá ti ń dẹwọ́ ni èyí tó tẹ̀ lé e ń gba eré rẹ̀. Ní ìṣẹ́jú àáyá yìí kan náà, egungun ẹ̀yìn ń fì sí apá ọ̀tún, ó sì ń yí, nígbà tí iṣan ń fún un pọ̀. Àwọn tó ti wọn ẹrù tó ń bọ́ lé ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ lórí rí i pé ó lè tó ìlọ́po 8 ìwúwo ara.

Ìdí nìyí tí mo fi ka oríkèé itan òsì sí pàtàkì ju agbára apá lọ. Òun ni ìbàdí ń yí lé lórí nígbà tí a bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Bí ó bá le, ìbàdí yóò dúró lójijì, yíyí tó ṣẹ́ kù yóò sì di ti ẹ̀yìn ìsàlẹ̀, tí kò ní àyè rẹ̀. Ẹni tó ti jókòó sínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Third Mainland Bridge fún wákàtí kan kò gbọdọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ó kàn máa gbá bọ́ọ̀lù.

Ẹ lè yẹ tiyín wò nílé. Ẹ jókòó sórí àga gíga tí ẹsẹ̀ yín kò ti kan ilẹ̀, kí ẹ di orókún òsì mú lójú kan, kí ẹ wá gbé ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ òde láì gbé ìdí kúrò lórí àga. Bí kò bá lọ tó dígírì 30, ẹ yí ọmọ ìka ẹsẹ̀ òsì síta díẹ̀ sí ọ̀nà tí bọ́ọ̀lù yóò gbà nígbà tí ẹ bá dúró tì í, kí oríkèé náà lè ní àyè tó pọ̀ sí i láti yí.