“Èmi kì í ṣe ìkà”: ìnilára tí ọmọ ń kọ́ nínú ilé rere

Bi òbí mẹ́wàá ní Iléṣà bóyá wọ́n ń ni ẹnikẹ́ni lára. Ọ̀kan náà ni ìdáhùn wọn máa jẹ́: “Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, èmi kì í ṣe ìkà.” Òótọ́ ni, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe ìkà. Àmọ́ ìgbàgbọ́ pé ìkà nìkan ló ń nini lára kò tọ̀nà, òun ló sì ń mú ká rò pé tí a bá ti sọ fún ọmọ pé kó má ṣìkà, a ti kọ́ ọ tán.

Kò yẹ kí èyí ṣòroó yé ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Ìbàdàn kó Iléṣà ní 1870. Ìwà àwọn ajẹ́lẹ̀, ìyẹn àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi ń ṣàkóso ìlú tó kó, wà lára ohun tó mú kí Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà para pọ̀ ja ogun Kírìjì, tí wọ́n ṣe àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, tí ibùdó ogun kò sì tú títí di 1893. Síbẹ̀, nínú agbolé àwọn tó kọ ajẹ́lẹ̀ yìí náà, ẹrú wà, ìwọ̀fà wà, ìyẹn ẹni tí wọ́n fi dúró fún gbèsè, tó ń sin olówó títí wọ́n á fi san án. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù, èlé ló wà fún. Bó sin olówó fún ọdún mẹ́wàá, iye tí wọ́n yá ṣì wà nílẹ̀ bó ṣe wà. Olówó tó ń fún ìwọ̀fà rẹ̀ ní oúnjẹ àjẹyó, tí kò nà án rí, èèyàn rere ni gbogbo àdúgbò ń pè é. (Ẹnu wọn náà ni wọ́n fi ń pòwe pé bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ.)

Lóde òní, ọ̀rọ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹ má wo ojú ìyá ilé, aago ni kí ẹ wò. Ọmọ ọdún 12 tí wọ́n mú wá láti abúlé jí ní aago márùn-ún ìdájí, ó pọn omi, ó gbálẹ̀, ó fọ abọ́ àná, ó wẹ àwọn ọmọ onílé. Ó dé láti ilé ìwé, ó gbé igbá ọjà lérí. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló sùn. Oorun wákàtí mẹ́fà rèé, nígbà tí ọmọ onílé sun mẹ́sàn-án. Tí èsì ìdánwò bá dé, wọ́n á ní orí ọmọ yẹn kò gbé ìwé. Ibí yìí gan-an ni ìnilára ti ń fara pa mọ́: ohun tí ètò ilé fà, orí ọmọ la di ẹ̀bi rẹ̀ rù.

Owó rẹ̀ ńkọ́? Bó bá jẹ́ ₦20,000 lóṣù, ₦240,000 ni lọ́dún. Ẹni tó mú un wá ló máa ń gbà á, tí abọ́ bá sì fọ́, wọ́n á yọ owó abọ́ nínú rẹ̀.

Ọmọ onílé ń wo gbogbo èyí. Kò jẹ́ pe ọmọ aládùúgbò tó fi ọdún méjì jù ú lọ lórúkọ lásán, “bọ̀dá” tàbí “àǹtí” ló gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀dọ̀ tó fi ọdún méje jù ú lọ, orúkọ rẹ̀ ló ń ké mọ́ ọn, tó ní kó wá gbé abọ́ òun. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ilé náà nìyẹn.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé a ń sọ fún un pé, “Máa ṣàánú rẹ̀.” Ọmọ á fún un ní bisikíìtì, á sì tún padà lọ jókòó kí wọ́n wá palẹ̀ abọ́ òun mọ́. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni ìwé àti bírò. Kí ọmọ tó ti tó ọdún mẹ́jọ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ fún ọjọ́ méje, torí ọjọ́ ọjà kò rí bí ọjọ́ Àìkú: ìgbà tí òun jí àti ìgbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ jí, ẹran mélòó ló wà lábọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan, ta ló fọ aṣọ ta. Ẹ má bi ọmọ ọ̀dọ̀ bóyá ara tù ú. Yóò ní, “Kò sí wàhálà, mà,” torí ilé yín náà ló máa sùn lálẹ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ yí nǹkan kan ṣoṣo padà. Àwọn tó yí gbogbo rẹ̀ padà lọ́jọ́ kan kì í pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń padà sídìí ti àtẹ̀yìnwá. Abọ́ àti pátá ọmọ onílé ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ni àkókò oorun. Ẹ ṣọ́ra kó má jẹ́ pé iṣẹ́ tí ẹ gbé kúrò lọ́rùn ọmọ ọ̀dọ̀ ni ẹ fi ọjà kíkiri dípò.

Àwíjàre “mọ̀lẹ́bí mi ni” pọ̀, kò sì ṣàdédé pọ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 kò fàyè gbà á kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ níbi tí kì í ṣe ilé tàbí agbo ẹbí rẹ̀. Ó dáa, bó bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí, kí ọmọ yín máa pè é ní àǹtí.

Ọmọ yín á bínú ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá ń fọ abọ́ ara rẹ̀, á ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ni. Ẹ bi í léèrè ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.