Ibi tí ìrántí ti ń já bọ́ nígbà tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bá wọlé

Ọ̀pọ̀ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn (depression) mú kì í sọ fún dókítà pé inú àwọn bà jẹ́. Wọ́n á ní orí ń gbóná, àwọn kò rí oorun sùn, ohun tí àwọn bá kà kì í sì í dúró lágbárí. Lọ́dún 1960, Raymond Prince, oníṣègùn ọpọlọ ará Kánádà tó ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn Aro l'Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí àròyé wọn jọ èyí gan-an. Wọ́n jókòó ti ìwé, ojú wọn ń rìn lórí ọ̀rọ̀, síbẹ̀ nǹkan kan kò wọlé. Orí ń ta wọ́n, bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀. “Brain fag”, ìyẹn àárẹ̀ ọpọlọ, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń pè é. Ọ̀pọ̀ oníṣègùn tó tún ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́yìn ìgbà náà gbà pé ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn tó pọ̀ lápọ̀jù ló máa ń wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìgbàgbé àti àìlèpọkànpọ̀ wà lára àìsàn náà fúnra rẹ̀. Nínú PHQ-9, ìwé ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń lò káàkiri ayé láti fi dá ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn mọ̀, ìbéèrè keje ń wádìí bóyá ó ṣòro fún ènìyàn láti fọkàn sí ohun tó ń kà nínú ìwé ìròyìn tàbí tó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Bí ìrántí ṣe ń já bọ́ ló yẹ kí á tọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí ibi tó ti já ló máa sọ bóyá ó lè padà.

Kí ènìyàn tó lè rántí nǹkan, nǹkan náà ní láti kọ́kọ́ wọlé, kó fìdí múlẹ̀, kó sì ṣeé fà jáde nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni púpọ̀ nínú ọṣẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Iwájú ọpọlọ, lẹ́yìn egungun iwájú orí, ló ń bá wa di ohun tí à ń gbọ́ tàbí tí à ń rò lọ́wọ́ mú fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò sì lè di nǹkan púpọ̀ mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí gbèsè, ọ̀fọ̀ tàbí ẹ̀bi ara rẹ̀ ń yí po lọ́kàn láti àárọ̀ dalẹ́ ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kún ibẹ̀. Aládùúgbò á ní, “Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Bísí pé ìpàdé ti di Ọjọ́bọ̀ o.” Á dáhùn pé, “Ó dáa, mo ti gbọ́.” Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ bá dé tí wọ́n bi í, á ní òun gbàgbé, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò wọlé rárá níjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Àgbàdo tí wọn kò kó wọ inú àká, kò sí bí wọ́n ṣe máa wá a tí wọ́n á rí i níbẹ̀. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ilé àti ibi iṣẹ́ máa ń ka irú ìgbàgbé báyìí sí ìwà àfojúdi tàbí ọ̀lẹ, wọ́n á jágbe mọ́ onítọ̀hún, ìyẹn á sì tún fi ẹ̀bi mìíràn kún ẹrù tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Èyí tó bá ráyè wọlé ṣì ní láti fìdí múlẹ̀. Nínú ọpọlọ, ní ọ̀kánkán etí, lọ́tùn-ún àti lósì, apá kékeré kan wà tó tẹ̀ kọdọrọ, tí wọ́n ń pè ní hippocampus. Ìtàn Henry Molaison, ará Amẹ́ríkà kan, ló jẹ́ kí ayé mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tóbi tó. Lọ́dún 1953, Dókítà William Scoville gé púpọ̀ nínú apá yìí kúrò lọ́tùn-ún lósì, kí wárápá tó ń bá ọkùnrin náà jà lè rọlẹ̀. Wárápá rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà títí tó fi kú lọ́dún 2008, kò lè fi ìṣẹ̀lẹ̀ tuntun pamọ́ sórí mọ́. Brenda Milner, onímọ̀ tó bá a ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, dà bí àlejò lójú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pàdé.

Ìrẹ̀wẹ̀sì kì í gé hippocampus, ṣùgbọ́n ó ń dà á láàmú láti ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ewu tàbí ìpayà bá dé, ọpọlọ á ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀yà kékeré méjì tó jókòó sórí kíndìnrín pé kí wọ́n tú cortisol, họ́mọ́ọ̀nù ìpayà, sínú ẹ̀jẹ̀. Cortisol á gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, ara á jí, ènìyàn á lè sá tàbí kó dúró jà. Fún wákàtí díẹ̀, ohun rere ni. Hippocampus wà lára àwọn tó ń gbọ́ ìró cortisol yìí jù lọ: Bruce McEwen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn lára eku lọ́dún 1968 pé ibẹ̀ gan-an ni irú họ́mọ́ọ̀nù bẹ́ẹ̀ ti ń lẹ̀ mọ́ ọpọlọ. Hippocampus yìí sì wà lára àwọn tó ń sọ fún ara pé, “Ó tó, ẹ dáwọ́ dúró.” Lára ọ̀pọ̀ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn, ìdádúró yìí kì í ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, cortisol á sì wà lókè fún oṣù gbọọrọ. Ohun tí wọ́n rí lára ẹranko tí ìpayà kò fi lọ́rùn sílẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀ka tí sẹ́ẹ̀lì hippocampus fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ máa ń kúrú, sẹ́ẹ̀lì tuntun tó yẹ kó máa hù níbẹ̀ á sì dín kù. Ẹni tó yẹ kó sọ pé ó tó ni ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ yìí, nítorí náà cortisol á tún gòkè sí i.

Lára ènìyàn ńkọ́? Lọ́dún 1996, Yvette Sheline àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ l'Amẹ́ríkà rí i pé hippocampus àwọn obìnrin tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú léraléra kéré sí ti àwọn tí kò ṣe rí. Nígbà tí àjọṣe ìwádìí tí wọ́n ń pè ní ENIGMA kó àwòrán ọpọlọ jọ láti ibi ìwádìí 15 lọ́dún 2016, tí àwọn tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì nínú wọn lé ní 1,700, ìyàtọ̀ náà ṣì hàn, àmọ́ díẹ̀ ló fi lé ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ara àwọn tí àìsàn náà ti padà wá bá, àti àwọn tó tètè mú lọ́jọ́ orí kékeré, ló ti hàn jù. Ẹni tó bá kà á níbì kan pé ìrẹ̀wẹ̀sì “ń jẹ ọpọlọ” tí àyà rẹ̀ sì já, kí ó di iye yìí mú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Molaison jìnnà réré sí i.

Oorun náà ní ipa tirẹ̀. Ojú oorun ni ọpọlọ ti ń to púpọ̀ nínú ohun tí ọjọ́ náà kó wá sí ààyè wọn, ẹni tó ń jí ní agogo mẹ́ta òru tí kò lè sùn padà kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ náà parí.

Ó wá ku fífà jáde. Lọ́dún 1986, Mark Williams àti Keith Broadbent ṣe ìwádìí kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú àwọn tó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn. Wọ́n fún wọn ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, irú bí “ayọ̀”, pé kí wọ́n fi rántí ìṣẹ̀lẹ̀ kan pàtó. Ẹlòmíràn á rántí ọjọ́ kan, ibì kan, ẹni kan. Àwọn wọ̀nyí sábà máa ń dáhùn lákòópọ̀: “nígbà tí mo máa ń lọ kí bàbá mi”, láìlè mú ọjọ́ kan pàtó jáde. Ohun tó wá máa ń fúnra rẹ̀ jáde ni ohun tó bani lọ́kàn jẹ́, nítorí ọkàn tó wúwo máa ń pe ìrántí tó bá wíwúwo rẹ̀ mu. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ka gbogbo àṣìṣe rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn láìfo ọ̀kan, kó má sì rántí ọ̀rọ̀ ìyìn tí wọ́n sọ fún un lánàá. Bí wọ́n bá ní kó ronú sí bó ṣe borí ìṣòro nígbà kan rí, kò ní rí àpẹẹrẹ kan fà yọ. Ibi tí àìnírètí ti ń rí oúnjẹ jẹ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ àwọn àgbàlagbà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dunni jù. Ìyàwó bàbá kan kú. Láàárín oṣù méjì, bàbá kò jẹun dáadáa mọ́, kò yọjú síta mọ́, ó ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ kan, ó ń ṣi orúkọ ọmọ-ọmọ pè. Àwọn ọmọ á pe ara wọn lórí fóònù pé, “Bàbá ti ń ṣarán o.” Wọ́n á gba ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á parí síbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìyá arúgbó ni, tó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun ló fa ikú ọmọ tàbí òfò inú ilé, àwọn kan lè ka ọ̀rọ̀ àìsàn sí ìjẹ́wọ́ àjẹ́. Àìsàn tó ní ìtọ́jú ni wọ́n sọ di ìdájọ́ yẹn.

Leslie Kiloh, oníṣègùn ọpọlọ, kọ̀wé lọ́dún 1961 nípa irú ìgbàgbé tó fara jọ ti arán ṣùgbọ́n tó ń lọ nígbà tí wọ́n bá tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Ìgbàgbé ìrẹ̀wẹ̀sì sábà máa ń ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ará ilé lè tọ́ka sí, ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ sẹ́yìn. Àìsàn arán ń yọ́ wọlé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú fúnra rẹ̀ ló ń ké pé, “Orí mi ò pé mọ́.” Ẹni tí àìsàn arán ń mú lè ní kò sí ohun tó ṣe òun, kó jẹ́ àwọn ọmọ ló ń ṣàròyé. Bi wọ́n pé ọjọ́ wo lòní: ti àkọ́kọ́ á ní, “Mi ò mọ̀, ẹ fi mí sílẹ̀,” èkejì á dárúkọ ọjọ́ mìíràn tàbí kó fi ọ̀rọ̀ mìíràn bò ó. Tí wọ́n bá fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tó sọnù, ó sábà máa ń padà sẹ́nu ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì mú, èyí tó fi hàn pé ó wà níbẹ̀, fífà jáde ló le.

Àmọ́ ìyàtọ̀ wọ̀nyí kì í gé sí méjì geere. Àìsàn arán lè fi ìrẹ̀wẹ̀sì ṣe àmì àkọ́kọ́, àwọn méjèèjì sì lè jọ gbé ara ẹnì kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé kalẹ̀ ka ìrẹ̀wẹ̀sì mọ́ ohun mẹ́rìnlá tó ń mú kí ewu arán pọ̀ sí i, tí ènìyàn sì lè ṣe nǹkan sí, nínú ìròyìn wọn ti 2024. Wíwá ìrẹ̀wẹ̀sì kiri kí á tó pariwo arán bá ohun tí wọ́n rí n'Ìbàdàn mu. Láti 1992 ni àwọn onímọ̀ bíi Benjamin Osuntokun, Adesola Ogunniyi àti Hugh Hendrie ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbàlagbà Yorùbá ní Ìdíkàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis l'Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde lọ́dún 2001 fi hàn pé ìwọ̀n àwọn tí àìsàn Alzheimer, irú arán tó wọ́pọ̀ jù, ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú n'Ìbàdàn kò tó ìdajì ti Indianapolis. Kò yẹ kí arán jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tó ń bọ́ sẹ́nu wa.

Dókítà tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ yẹ ohun mìíràn wò: ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣúgà, ẹṣẹ́ ọrùn (thyroid) tí kò ṣiṣẹ́ tó, àìtó fítámì B12, ọtí, HIV. Á béèrè oògùn tí aláìsàn ń lò pẹ̀lú, nítorí diazepam àti àwọn oògùn oorun mìíràn tí wọ́n ń rà ní kẹ́míìsì, àti amitriptyline, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì àtijọ́, lè fúnra wọn ba ìrántí jẹ́, pàápàá lára àgbà. Tó bá wá jẹ́ ìrẹ̀wẹ̀sì ni, ìtọ́jú pẹ̀lú ọ̀rọ̀ sísọ wà, oògùn wà, ìgbòkègbodò ara wà. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 lára àgbàlagbà 120 l'Amẹ́ríkà, hippocampus àwọn tó fi ọdún kan máa rìn kánkán déédéé fi nǹkan bí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tóbi sí i.

Oògùn máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó múlẹ̀, inú sì sábà máa ń kọ́kọ́ dùn padà kí ìrántí tó tẹ̀ lé e. Ní àkókò yẹn, kí ará ilé sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, lójúkojú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Tí inú bá ti dùn padà dáadáa fún oṣù mélòó kan, tí ìgbàgbé kò sì dín kù, tàbí tó ń pọ̀ sí i, kí wọ́n mú un padà lọ fún àyẹ̀wò ìrántí mìíràn.