Páànù ìjọba: ìdí igi ni àbí orí ò jorí?

Bí ìjì òjò àkọ́rọ̀ bá ti ṣí òrùlé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu èèyàn ni pé, "Èló ni ìjọba máa san?" Ìbéèrè yìí gan-an ló ń da gbogbo ọ̀rọ̀ rú. Ìjọba kì í san owó ilé fún ẹnikẹ́ni. Ìrànwọ́ ló ń ṣe: páànù, sìmẹ́ńtì, ìṣó, mátírẹ́ẹ̀sì, ìrẹsì, nígbà míì owó díẹ̀. Ẹni tó lọ kí olókùú kì í bèèrè iye tí olóògbé ń rí lóṣù kó tó fi ohun tọ́wọ́ ẹ̀ tó sílẹ̀.

Owó ńlá pàápàá, ibòmíì ló ń gbà. Lẹ́yìn omíyalé Ìbàdàn ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ìyáwó 200 mílíọ̀nù dọ́là ní 2014. Gọ́tà, afárá àti ojú odò ni wọ́n yá a fún, kì í ṣe àpò ẹni tí omi gbé ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ káńsù ni ìròyìn ti ń bẹ̀rẹ̀, á dé ọ̀dọ̀ SEMA, àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, bó bá tóbi, á dé NEMA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀, tí òfin 1999 dá sílẹ̀, tó sì ń gba ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó àkànṣe tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ọ̀gbàrá àti ìbàjẹ́ àyíká. Ìyẹn ò nira. Ọjọ́ ìkọ̀wé orúkọ ni iṣẹ́ wà.

Ẹ fi agbo ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n ṣe àpẹẹrẹ. Ilé gígùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, yàrá mẹ́jọ. Baálé wà níbẹ̀, opó àbúrò ẹ̀ àtàwọn ọmọ mẹ́rin wà níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH méjì háyà yàrá kan, aránṣọ háyà èyí tó kọjú sí títì. Ìjì ká gbogbo páànù bí ẹní. Ìlà mélòó ni òṣìṣẹ́ yóò kọ sínú ìwé? Ọ̀kan fún ilé, àbí mẹ́rin fún àwọn tó ń dá iná tiwọn?

Ó jọ ọ̀rọ̀ ogún, ká má purọ́: ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín ogún bàbá. Ìdí igi máa ń pín in fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ ẹ̀. Orí ò jorí ń ka ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, bàbá tó fẹ́ ìyàwó mẹ́rin, tó bí ọmọ mẹ́sàn-án ló kú. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì dá a ní 1962 pé ìdí igi ṣì ni àṣà wa. Ẹni tí ìyá ẹ̀ bí òun nìkan á gba bí ti ìyá ọlọ́mọ púpọ̀. Ẹnu ò tíì dákẹ́ lórí ẹ̀ títí di òní.

Tọ́wọ́ ìrànwọ́ náà bá mọ́, méjèèjì ló máa ń dà pọ̀: páànù tẹ̀ lé ilé, ìrẹsì tẹ̀ lé orí. Ó bọ́gbọ́n mu, nítorí ẹ kò lè fi páànù bo yàrá opó nìkan kí ẹ fi ti baálé sílẹ̀ fún òjò. Àmọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ tí òjò bà jẹ́? Kì í ṣe òrùlé, kì í ṣe ẹnu tó ń jẹun.

Èyí tó ń bí èèyàn nínú jù ni pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá rí lọ́jọ́ náà ló ń kọ. Baálé tó sáré kó àjọ, tó yá gbèsè, tó fi páànù tuntun bolé kí wọ́n tó dé, á gbọ́ pé, "Bàbá, ilé yín ò ṣe nǹkan kan." Ẹni tó fi tapólì borí ni wọ́n kọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ti rí irú ẹ̀ rí fi ń ya fọ́tò kí káfíńtà tó gun orí ilé, tí wọ́n sì ń to páànù tó ti wọ́ sẹ́yìnkùlé, bó ti wù kí ẹni tó ń ra irin àlòkù kàn wọ́n lẹ́kùn tó.