Ta Ló Ń Gbé Ọta Tó Kàn Wọlé? Bí Àwọn Ìbọn Inú Fíìmù Káúbọ̀ì Kòríà Ṣe Ń Ṣiṣẹ́

Nínú The Good, the Bad, the Weird, fíìmù tí Kim Jee-woon darí ní 2008, ọkùnrin kan wà lórí ẹṣin tó ń sáré àsápajúdé ní aṣálẹ̀ Manchuria, ìhà àríwá ìlà oòrùn Ṣáínà, ní àwọn ọdún 1930. Ìbọn gígùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yìn ín, ó jù ú yí po lọ́wọ́ kan, ó sì tún yìn ín. Idán sinimá wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tó ń ṣiṣẹ́ gidi ló wà nídìí idán náà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀kan fi ń ju ìbọn yí po, tí sọ́jà Jàpáánì fi ń fa irin sẹ́yìn lẹ́yìn gbogbo ìró, tí adigunjalè sì ń da ọta sílẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan, ìbéèrè kan ṣoṣo ni kó máa bi ìbọn kọ̀ọ̀kan: ta ló ń gbé ọta tó kàn wọlé, ọwọ́ ayìnbọn ni tàbí ìbọn fúnra rẹ̀?

Ṣakabùlà kò mọ ohun tó ń jẹ́ ọta tó kàn. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń rọ ẹ̀tù sí i, wọ́n á fi ọ̀pá gún un, wọ́n á kó ọta lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó wá iná sí i. Àwọn ọdẹ tíígà ilẹ̀ Kòríà náà lo irú rẹ̀ tó jẹ́ pé okùn tó ń jó ló ń tanná ran ẹ̀tù, títí wọ ọ̀rúndún kọkàndínlógún dáadáa. Ọta òde òní kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agolo idẹ kékeré: òjé níwájú, ẹ̀tù láàrin, kẹ́míkà agbaná nídìí. Irin ṣóńṣó kan á gún ìdí yẹn, ẹ̀tù á gbiná, ooru rẹ̀ á ti òjé jáde. Idẹ náà á wú díẹ̀, á dí ìdí ọ̀pá ìbọn pátápátá kí iná má bàa ta sójú ayìnbọn. Ohun tó wá kù kò ju iṣẹ́ mẹ́rin lọ: kí wọ́n ṣí ìdí ọ̀pá, kí wọ́n yọ agolo òfìfo, kí wọ́n ti odidi ọta wọlé, kí wọ́n tì í pa. Láti nǹkan bí 1860, bí iṣẹ́ mẹ́rin yìí yóò ṣe yá ni àwọn aṣèbọn ń dù.

Winchester, ìbọn àwọn káúbọ̀ì, fi iṣẹ́ náà lé ọwọ́, ó kàn dín bí ọwọ́ yóò ṣe rìn jìnnà kù. Irin kan wà lábẹ́ ìbọn náà tó yí ìka ayìnbọn po. Ẹ jẹ́ ká wo Winchester 1892 tí John Browning ṣe. Bí wọ́n bá ti irin abẹ́ yẹn síwájú, irin ńlá tó dí ìdí ọ̀pá á sún sẹ́yìn, èékánná kékeré kan lára rẹ̀ á fa agolo òfìfo jáde, á ta á sókè. Nínú ìrìn yẹn kan náà ni irin á ti òòlù ìbọn sẹ́yìn títí á fi kọ́. Ní ìparí ìrìn náà gan-an ni àtẹ kékeré kan tó ti gbé ọta kan dání nísàlẹ̀ á fò sókè. Bí wọ́n bá fa irin abẹ́ padà, irin ńlá á ti ọta náà wọ inú ọ̀pá, àwọn ìdè méjì á dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á tì í gbọnyin. Ayìnbọn tí kò bá ti irin náà dé òpin kò ní rí ọta tuntun, nítorí àtẹ yẹn kò tíì gbéra. Ìdí nìyí tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò fi máa ń ṣe é pẹ̀lú agbára, kì í rọra.

Òṣèré Amẹ́ríkà, John Wayne, ni gbogbo ayé rí tó ju ìbọn yí po báyìí nínú sinimá ní 1939. Wọ́n fẹ irin abẹ́ náà títí tí gbogbo ọwọ́ fi lè wọ inú rẹ̀. Ayìnbọn á di irin yẹn nìkan mú, á wá ju odidi ìbọn yí síwájú. Ìwúwo ìbọn fúnra rẹ̀ ló ń fa irin náà ṣí. Ìbọn á yí òbìrìkítí, nígbà tí ìdí rẹ̀ bá sì padà dé àtẹ́lẹwọ́, irin á pa dé, ọta á ti wọlé. Ọ̀pá ìbọn gígùn á gbá ayìnbọn ní apá tàbí abíyá, nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń gé ìbọn irú eré bẹ́ẹ̀ kúrú. Lójú ogun gidi, ewu wà nínú àṣà yìí: láàrin ìgbà tí ìdí ọ̀pá ṣí sílẹ̀, ọta tuntun kàn dùbúlẹ̀ lórí àtẹ ni, bí ìbọn bá sì dojú dé, ó lè bọ́ sílẹ̀. Síbẹ̀, ìdí pàtàkì kan wà tó fi bá ẹlẹ́ṣin mu. Ìjánu gba ọwọ́ kan, ọwọ́ kan ló kù.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń bèèrè pé kí ni ìbọn Amẹ́ríkà ń wá ní Manchuria, ní ẹ̀gbẹ́ Siberia ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ìdáhùn rẹ̀ dára púpọ̀, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́ dáadáa ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ìbọn wọ́n ọmọ ogun Rọ́ṣíà débi pé ìjọba wọn lọ ra nǹkan bí 300,000 Winchester 1895 lọ́wọ́ Amẹ́ríkà. Rọ́ṣíà yìí sì ni aládùúgbò Manchuria. Irú ti 1895 yàtọ̀ sí ti 1892 níbi kan tó ṣe kókó. Nínú ti 1892, àwọn ọta tò tẹ̀lé ara wọn nínú ọ̀pá gbọọrọ kan lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, imú ọ̀kan ń kan ìdí èkejì. Bí imú ọta bá ṣe ṣóńṣó, gìrì ìbọn lè mú un gún kẹ́míkà agbaná tó wà níwájú rẹ̀, kí gbogbo rẹ̀ sì bú gbàmù lọ́wọ́ ayìnbọn. Pẹrẹsẹ ni wọ́n ṣe ń ṣe imú ọta rẹ̀. Àwọn ológun kò fẹ́ imú pẹrẹsẹ mọ́ nígbà náà, torí ọta ṣóńṣó ló ń lọ jìnnà. Browning bá to àwọn ọta léra wọn nínú àpótí kékeré lábẹ́ ìbọn, ewu náà sì tán.

Ọwọ́ náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀ nínú ìbọn sọ́jà Jàpáánì, ìyẹn Arisaka Type 38, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà yàtọ̀. Ọdún 38 ìjọba ọba Meiji, èyí tó jẹ́ 1905, ló fún un lórúkọ. Ọwọ́ á gbé irin ìdí ọ̀pá sókè, á fà á sẹ́yìn, á tì í síwájú, á tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ọta márùn-ún ló ń gbà, wọ́n á sì ti márààrún wọlé lẹ́ẹ̀kan láti inú ìdè irin pẹlẹbẹ. Ọta rẹ̀ kéré, mílímítà 6.5, ọ̀pá rẹ̀ sì gùn tó sẹ̀ntímítà 80, débi pé inú ọ̀pá ni ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀tù ti ń jó tán. Iná kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́nu rẹ̀, kì í sì í ta ènìyàn ní èjìká púpọ̀. Ìdérí irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń bá irin ìdí ọ̀pá lọ bọ̀ kí eruku má wọ inú ìbọn, ohun tó bá iyanrìn Manchuria mu gan-an. Ó máa ń pariwo gbànràn-gbanran nígbà tí sọ́jà bá ń rìn, ọ̀pọ̀ wọn sì ń yọ ọ́ dànù. Lórí irin ìbọn náà ni wọ́n lu òdòdó ewé mẹ́rìndínlógún sí, àmì ọba Jàpáánì. Ẹni tó bá rí òdòdó náà nínú fíìmù mọ ibi tí ìbọn ti wá láìsí àlàyé.

Ìbọn ìléwọ́ Mauser C96 ló kọ́kọ́ gba iṣẹ́ mẹ́rin yẹn kúrò lọ́wọ́ àwọn jàǹdùkú ìgbà náà, ìbọn fúnra rẹ̀ ló sì ń ṣe é. Jámánì ló ti wá, 1896 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Bí ọta bá ti jáde, agbára tó ń tì í síwájú náà ń ti ìbọn sẹ́yìn. Ọ̀pá àti irin ìdí rẹ̀ á jọ sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n ṣì wà ní títì, títí òjé á fi jáde tí ooru á sì rọlẹ̀. Nígbà náà ni ìdè abẹ́ wọn á já bọ́ sísàlẹ̀, ọ̀pá á dúró, irin ìdí nìkan á máa bá eré lọ sẹ́yìn: á ta agolo dànù, á tẹ òòlù kọ́. Sípíríǹgì á wá tì í padà síwájú pẹ̀lú ọta tuntun. Ká tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Ọta mẹ́wàá ló ń gbà, iwájú ibi tí ìka ń fà ni ilé ọta rẹ̀ wà, àpò onígi tí wọ́n ń kó o sí sì ṣeé so mọ́ ìdí rẹ̀ kó di ìbọn èjìká.

Ṣáínà kún fún un ju ibikíbi lọ, òfin ló sì fà á. Láti 1919 sí 1929 àwọn ìjọba ńlá ayé fẹnu kò pé àwọn kò ní ta ohun ìjà fún Ṣáínà tí àwọn ọ̀gágun ibẹ̀ ń bá ara wọn jà, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ ń rí ọ̀nà gbà wọlé. Mauser tó ṣeé fi èjìká yìn wá di ìbọn gígùn fún ẹni tí kò rí ìbọn gígùn rà, àwọn ilé iṣẹ́ ìbọn Ṣáínà náà sì ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Nígbà tí èyí tó ń yìn léra wọn láìdúró dé, ẹnu rẹ̀ máa ń gbéra sókè bí ọta ṣe ń jáde. Àwọn ará Ṣáínà dá ọgbọ́n sí i: wọ́n fi ìbọn dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ibi tí ì bá gbéra lọ sókè, ó wá ń gbá lọ sí ẹ̀gbẹ́, kọjá níwájú gbogbo ẹni tó tò síbẹ̀.

Ìbọn kékeré mìíràn tó ń gbé ọta fúnra rẹ̀ ṣe ohun tó mú ilẹ̀ Kòríà gbọn ṣáájú gbogbo èyí. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 1909, ní ibùdókọ̀ ojú irin Harbin ní Manchuria, An Jung-geun, ajàjàgbara Kòríà, fi Browning 1900 tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù pa Ito Hirobumi, àgbà ìjọba Jàpáánì. Ìbọn yẹn kò ní ìdè kankan: ọta rẹ̀ kò lágbára púpọ̀, nítorí náà ìwúwo irin òkè rẹ̀ àti sípíríǹgì ti tó láti dá a dúró títí òjé á fi jáde.

Jàpáánì ti kọ́kọ́ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Kòríà ní 1907, èyí ló sì sọ Hong Beom-do, ọdẹ tíígà, di ọ̀gá ajàjàgbara. Nígbà tó di 1920, àwọn ọmọ ogun Czech tó fẹ́ gba Vladivostok, èbúté ilẹ̀ Rọ́ṣíà, padà sílé ta ìbọn wọn fún àwọn ajàjàgbara Kòríà, wọ́n sì fi bá Jàpáánì jà ní Cheongsanri ní Manchuria ní oṣù kẹwàá ọdún yẹn. Jàpáánì wọ Mukden, ìlú ńlá kan ní Manchuria, ní oṣù kẹsàn-án 1931, ilé iṣẹ́ ìbọn ńlá tó wà níbẹ̀ sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ìbọn Rọ́ṣíà, ti Jámánì, ti Jàpáánì àti àdàkọ Ṣáínà jọ wà lórí ilẹ̀ kan náà. Ẹni tó bá sọ pé àdàlù ìbọn inú irú fíìmù yìí jẹ́ àìbìkítà kò mọ Manchuria.

Lójú kámẹ́rà, ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn náà ló ń pinnu ohun tí oníṣẹ́ ìbọn yóò ṣe. Ọta òfìfo ni wọ́n ń yìn: ẹ̀tù wà nínú rẹ̀, òjé kò sí, wọ́n ti pa ẹnu idẹ náà dé. Fún Winchester àti Arisaka, èyí ti tó, torí ọwọ́ òṣèré ló ń ṣe ìyókù. Hollywood tilẹ̀ ní ọta òfìfo kan tó wọ oríṣi ìbọn káúbọ̀ì márùn-ún, gígùn àti ìléwọ́. Mauser kò ní gbà fún un bẹ́ẹ̀. Láìsí òjé tí yóò dí ọ̀nà, ooru á kàn fẹ́ jáde lẹ́nu ọ̀pá, kò ní sí agbára tí yóò ti irin sẹ́yìn, ìbọn á sì yìn lẹ́ẹ̀kan péré. Wọ́n á wá dí inú ọ̀pá rẹ̀, wọ́n á fi ihò tóóró kan sílẹ̀, kí ooru lè há díẹ̀ kó sì ti irin.

Ọta òfìfo ṣì ń pa ènìyàn. Òṣèré Amẹ́ríkà, Jon-Erik Hexum, fi ọ̀kan yìn ara rẹ̀ lórí ní ibi iṣẹ́ ní 1984, agbára tó tú jáde lẹ́nu ọ̀pá fọ́ egungun orí rẹ̀, ó sì pa á. Ní 1993, orí òjé kan há sínú ọ̀pá ìbọn láti ara ọta tí wọ́n ṣe fún àfihàn lásán. Nígbà tí wọ́n wá yin ọta òfìfo lẹ́yìn rẹ̀, òjé náà jáde, ó sì pa òṣèré Brandon Lee. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi iná wo inú ọ̀pá látìgbàdégbà. Ọta àfihàn, èyí tó ní òjé ṣùgbọ́n tí kò ní ẹ̀tù, wọ́n máa ń lu ihò sí idẹ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí kí wọ́n ju bọ́ọ̀lù irin kékeré sínú rẹ̀. Kí ó tó wọ inú ìbọn, wọ́n á mi ọ̀kọ̀ọ̀kan létí. Èyí tí kò bá dún, tí kò sì ní ihò, kò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́ rárá.