Bí Ìtẹ̀síwájú Àná Ṣe Ń Di Àṣà Lónìí: Òṣèlú Ìbàdàn Láti 1954

Ní 1954, olóṣèlú tó bá dúró ní Òkè Màpó, tó ní ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba yóò ni mẹ̀kúnnù lára, èrò ni yóò tẹ̀lé e. Lónìí, kò sí ẹni tó fẹ́ wọlé ìbò ní Ìbàdàn tó jẹ́ fẹnu sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Nílùú gbogbo tí wọ́n ti ń dìbò, àwọn kan wà tó fẹ́ di ohun tó wà nílẹ̀ mú, àwọn mìíràn sì fẹ́ yí i padà. Ọ̀wọ́ méjèèjì kì í tán. Ohun tó wà nílẹ̀ yẹn gan-an ni kì í dúró lójú kan.

Nígbà tí ìjọba Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, ìyẹn Action Group ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ń múra ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, owó ló kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Wọ́n bu owó orí tuntun lé àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera. Àgbẹ̀ tí ọmọ rẹ̀ ń bá a roko ò rí ìdí tí òun yóò fi sanwó kí wọ́n tún gba ọmọ ọ̀hún lọ́wọ́ òun. Adégòkè Adélabú, olóṣèlú ọmọ Ìbàdàn, mọ ìbínú yìí dáadáa. Òun fúnra rẹ̀ kàwé ní Government College Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ mẹ̀kúnnù ló sì ń jà fún, síbẹ̀ àwọn agboolé àtijọ́ àtàwọn àgbẹ̀ tó fẹ́ kí ìjọba fi ọrùn wọn sílẹ̀ ló gbá yí i ká. Ó gba ìgbìmọ̀ ìlú Ìbàdàn lọ́dún yẹn, NCNC, ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, sì borí Ọlọ́pẹ ní Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìdìbò àpapọ̀. Ta ni onítẹ̀síwájú nínú àwọn méjèèjì? Ẹni tó ń mú ilé ìwé bọ̀ ni, àbí ẹni tó ń gbèjà tálákà lọ́wọ́ agbowó orí?

Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 1955. Láàárín ọdún kan, iye ọmọ tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà fò láti nǹkan bí 457,000 dé òkè 800,000. Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọmọdé tó wọ kíláàsì kìíní lọ́dún yẹn ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún ní 1979, nígbà tí Bọ́lá Ìgè di gómìnà Ọ̀yọ́ lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ tuntun Awólọ́wọ̀. Lójú tirẹ̀, ẹ̀tọ́ tó bá láyé ni ilé ìwé ọ̀fẹ́. Awólọ́wọ̀ kó ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìbò ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lọ́dún yẹn, àwọn ọmọ àwọn tó tẹ̀lé Adélabú náà sì wà lára àwọn tó dìbò fún un.

Lẹ́yìn náà ni orúkọ àti iṣẹ́ pínyà pátápátá. Ní 1999, Ọbásanjọ́ gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà lábẹ́ PDP, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọlẹ́yìn Awólọ́wọ̀ kì í kà mọ́ onítẹ̀síwájú rárá. Ìjọba APC, tó gbé ìtẹ̀síwájú sínú orúkọ ara rẹ̀, ló ń gba ₦3,000 lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ girama ní Ọ̀yọ́. Ṣèyí Mákindé ti PDP ló fagi lé e lọ́jọ́ tó gorí àlééfà ní 2019.

Ti Amẹ́ríkà tún le ju èyí lọ. Ẹgbẹ́ Republican, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1854, ló ta ko ìtànkálẹ̀ oko ẹrú níbẹ̀, inú rẹ̀ sì ni Abraham Lincoln ti jáde. Ìdí nìyẹn tí àwọn adúláwọ̀ tó láǹfààní ìbò fi dúró tì í pẹ́. Democrat ni ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ funfun ìhà gúúsù. Nígbà tí ọrọ̀ ajé wó, tí Franklin Roosevelt ti Democrat pèsè iṣẹ́ àti ìrànwọ́ láti 1933, àwọn adúláwọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá sọ́dọ̀ rẹ̀. Lyndon Johnson, ààrẹ Democrat mìíràn, fọwọ́ sí òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú ní 1964, gúúsù náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Republican. Ó gba ọ̀pọ̀ ọdún, torí ẹni tó ti dìbò fún ẹgbẹ́ kan láti kékeré kì í tètè kúrò níbẹ̀; ọmọ rẹ̀ ni kì í wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ Kọnsáfétíìfù dìbò ta ko òfin ètò ìlera ọ̀fẹ́ ní 1946. Nígbà tí àwọn ènìyàn ti bímọ, tí wọ́n ti wo àìsàn lábẹ́ ètò náà, ẹgbẹ́ kan náà ń búra nígbà ìpolongo pé òun ò ní fọwọ́ kàn án.

Ọ̀nà mìíràn tí ìyípadà ń gbà wọlé ni ìgbà èwe. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa òṣèlú rí i pé ohun tójú ènìyàn bá rí láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́rìnlá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n máa ń dúró tì í dọjọ́ alẹ́. Ní agboolé kan náà ní Ìbàdàn, bàbá àgbà lè jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà Wẹ́tìẹ̀ ní 1965, tí wọ́n ń fi iná sun ilé olóṣèlú. Ọmọ rẹ̀ dàgbà sínú June 12 ní 1993, ọmọ-ọmọ sì wà ní títì nígbà EndSARS ní 2020. Bí ẹ bá dárúkọ àyípadà, èkíní ń rántí èéfín, èkejì ìbò tí ológun fagi lé, ẹ̀kẹta àwọn ọlọ́pàá. Bí ìran kan ṣe ń lọ, ohun tó ń bẹ̀rù ń bá a lọ, ìlú á sì yẹ̀ díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí èrò padà.

Ètò oyè Ìbàdàn náà rí bẹ́ẹ̀. Àwọn jagunjagun tó tẹ̀dó síbẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò ní ọba àjẹbí. Láti mógàjí, ìyẹn olórí agboolé, lọ sókè, ní ipele-ipele, ni ènìyàn ń gùn dé orí oyè. Àrà tuntun ni lásìkò tí ọmọ ọba ló ń jọba káàkiri. Nígbà tí ìjọba fi adé lé àwọn àgbà ìjòyè lórí ní 2017, àṣà àwọn baba ńlá ni àwọn tó ta kò ó fi jà.

Ìjà ẹ̀kọ́ kò sì tíì parí. Ọ̀fẹ́ ní gbogbo ipele ni UPN ṣèlérí ní 1979. Ní 2024, òfin ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ni ìjọba APC fọwọ́ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ Yunifásítì Ìbàdàn lẹ́yìn rẹ̀ bá ẹ̀yáwó nílẹ̀ ni, ó sì yẹ kó ká gbogbo òbí lára. Bó bá fi lo ogún ọdún bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní kí wọ́n padà sí ọ̀fẹ́ ni wọn yóò máa pè ní oníjàgídíjàgan, ẹni tó bá sì ń ṣọ́ gbèsè náà ni wọn yóò máa pè ní àgbà.