Ṣé ẹ̀wọ̀n ni òdòdó poppy? Ìdáhùn sí ìbéèrè yín

Ẹ̀yin ará Òkun, ọ̀kún o. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan ti ń lọ láti fóònù dé fóònù ní Kàbà, Ìyàrà àti Ìsánlú pé ẹni tó bá gbin poppy ti gbin oògùn olóró. Ẹ̀rù ń ba àwọn tí ọmọ wọn fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ láti òkè òkun.

Ṣé òótọ́ ni?
Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ oríṣi poppy pọ̀. Èyí tó ń jẹ́ Papaver somniferum ni wọ́n ń gba oje opium lára rẹ̀, inú opium ni heroin sì ti ń wá. Òfin NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tó bá ṣe irú oògùn bẹ́ẹ̀ tàbí tó gbìn ín. Papaver orientale, tó wá láti ìhà Tọ́kì àti Iran, ẹwà ni wọ́n ń gbìn ín fún. Gbòǹgbò rẹ̀ kì í kú, ó ń padà rú lọ́dọọdún. Òun kọ́ ni wọ́n ń fi ṣe opium.

Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?
Ẹ má wo irúgbìn, gbogbo wọn ló wẹ́ bí èso tẹ̀tẹ̀. Ẹ ka orúkọ tó wà lára páálí. Tí ẹ bá rí somniferum tàbí breadseed, ẹ má gbìn ín rárá. Nǹkan kan náà ni. Tó bá ti hù, ẹ fọwọ́ pa ewé rẹ̀. Ewé orientale ní irun tó le, etí rẹ̀ ya wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ti somniferum ń jọ̀lọ̀, àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú, ìdí ewé náà sì gbá igi rẹ̀ mọ́ra.

Ṣé orientale lè ṣe dáadáa nílẹ̀ wa?
Ó lè hù, àmọ́ mi ò ní tàn yín: òdòdó rẹ̀ ṣòro rí níbí. Òótọ́ ni pé ó fẹ́ràn oòrùn, ṣùgbọ́n ó tún ń fẹ́ òtútù gidi láàárín ọdún, àti òjò wa àti ooru wa ni wọ́n ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ jẹrà. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ dán an wò, kó dúró de ìgbà ọyẹ́. Ẹ kọ ebè gíga, ẹ po yanrìn mọ́ ọn, kí omi má baà dúró níbẹ̀. Ẹ po irúgbìn náà mọ́ yanrìn gbígbẹ, ẹ wọ́n ọn sórí ebè, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ má bò ó, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń hù. Omi wíwọ́n ni kí ẹ máa fún un, ẹ má da omi lé e. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó yọrí. Tó bá sì ti hù, ẹ má lọ́ ọ lọ síbòmíì: gbòǹgbò gígùn kan ló ní, tí ẹ bá fà á já, ó parí. Kódà nílẹ̀ òtútù, ọdún kejì ló sábà máa ń yọ òdòdó.

Ṣé a lè sè é mu fún ara ríro?
Rárá o. Oje rẹ̀ ní èròjà tó lè ṣèpalára.

Ṣé kí ọmọ mi tún fi òmíràn ránṣẹ́?
Kó má fi í sínú ẹrù lásán. Ẹ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NAQS, àjọ tó ń yẹ ohun ọ̀gbìn wò ní ibodè, kí àwọn aláṣẹ ibi tí ọmọ yín wà sì fún un ní ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn. Àrùn àti kòkòrò lè bá irúgbìn wọlé, ilẹ̀ tí a ti ń gbin kòkó, kọfí àti kaṣú sì ni ilẹ̀ wa.

Òdòdó pupa ni mo ṣáà fẹ́ níwájú ilé mi ńkọ́?
Ẹ gbin zinnia. Ooru àti oòrùn ló fẹ́. Ẹ gbìn ín nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ déédéé ní oṣù karùn-ún, ní nǹkan bí oṣù méjì, ó ti ń tàn. Ẹ jẹ́ kí díẹ̀ gbẹ sórí igi rẹ̀, kí ẹ gbọn irúgbìn rẹ̀ sínú bébà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi gbígbẹ di ọdún tó ń bọ̀.